Ǹjẹ́ Ọkùnrin Kì Í Sunkún Lóòótọ́?

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí lè má jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀. Ó jẹ mọ́ àwọn gbólóhùn kéékèèké kan tí ó máa ń bọ́ lẹ́nu wa láàárọ̀ àti lálẹ́, tí a kì í ronú lé lórí kí a tó sọ wọ́n. Bí ọmọkùnrin bá fẹsẹ̀ kọ òkúta tí ó fẹ́ sunkún, a ó ní, "Ṣe ọkùnrin! Ọkùnrin kì í sunkún." Bí ó bá ń bẹ̀rù òkùnkùn, a ó ní, "Ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?" Bí ó bá kọ̀ tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, wọn á ní kí ó lọ ró ìró ìyá rẹ̀. Bí obìnrin bá sì ṣe ohun tó le, a ó gbóríyìn fún un pé, "Obìnrin bí ọkùnrin ni." Ẹni tí ó bá dúró sí abẹ́ afárá Òṣòdì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, lẹ́nu kọ̀ńdọ́, lẹ́nu alábàárù, lẹ́nu àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀. Ibùdókọ̀ ńlá alájà púpọ̀ tí wọ́n ṣí ní 2019 ti yí ojú Òṣòdì padà. Kò yí ẹnu wa padà.

Ìbéèrè mi ni pé, ǹjẹ́ ó yẹ kí á ṣì máa wí bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí á fi díẹ̀ nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sílẹ̀, pàápàá ní ilé-kéwú àti nínú ilé Mùsùlùmí, nítorí pé wọ́n ń pa ọmọkùnrin lára, wọ́n sì ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin, ẹ̀sìn wa kò sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo wọn o. N óò sọ èyí tí mo fẹ́ kí ó kù.

Mo mọ ọmọkùnrin kan, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, tí ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ní ilé-kéwú kan tí n kò ní dárúkọ. Ọwọ́ ló fi gbalẹ̀. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó ń kọ́ wọn sì ní kí ó gbé wàláà rẹ̀, pé ọkùnrin kì í torí ìṣubú sunkún. Ọmọ náà pa ẹnu mọ́. Ó délé, kò sọ. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè ìdí tí ó fi ń fi ọwọ́ òsì jẹun, ohun tí wọ́n ti kọ̀ fún un láti kékeré, ó ní kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ náà ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gba inú ọwọ́ ẹ̀wù kọjá mọ́. Egungun ti ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà sọ ni pé òun kò sunkún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ọmọ yìí. Àáfà tó kọ́ ọ fẹ́ kí ó le ni, nítorí ayé le, Èkó sì le ju ayé lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbà sọ àti ohun tí ọmọdé gbọ́ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà. Àgbà rò pé òun ní kí ó fara da ìrora. Ọmọ gbọ́ pé kí òun fi ìrora pamọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ ìfipamọ́ dáadáa lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kì í ṣe egungun nìkan ni yóò máa fi pamọ́. Bí àgbàlagbà kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, kò ní sọ. Bí àwọn ọmọ ìta bá ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà, kò ní sọ. Bí ó bá sì dàgbà, yóò di baálé ilé tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra tí kò sọ fún ìyàwó, tí kò yọjú sí ilé ìwòsàn, títí ọjọ́ tí yóò fi ṣubú sí bálùwẹ̀. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Gbogbo wa la ti kírun sí irú wọn lára.

Ó kù kí á bi ẹ̀sìn léèrè. Ọkùnrin wo ni ó le ju Ànábì Muhammad lọ, ẹni tí wọ́n sọ lókùúta ní Taif, tí wọ́n ṣá lójú ní Uhud, tí kò sì yẹsẹ̀? Ní ọdún kẹwàá lẹ́yìn Híjírà, Ibrahim, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí Mariya bí fún un, ń ṣàìsàn. Ọmọ ọmú ni. Alágbàtọ́ rẹ̀ ni ìyàwó alágbẹ̀dẹ kan ní Mẹdínà tí wọ́n ń pè ní Abu Sayf. Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì wọlé tọ ọmọ náà lọ, ó gbé e, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára ọmọ, omi ń dà lójú Ànábì. Abdur-Rahman ọmọ Awf wà níbẹ̀. Ẹnu yà á, ó sì bi í léèrè bóyá òun náà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ń sunkún. Ànábì dá a lóhùn pé àánú ni. Ó ní ojú a máa da omi, ọkàn a sì máa bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ ju ohun tí Olúwa òun yọ́nú sí lọ.

Mo fẹ́ràn ìbéèrè Abdur-Rahman yẹn púpọ̀, nítorí ìbéèrè tiwa gan-an ni. Ọkùnrin ogun ni Abdur-Rahman. Ọgbẹ́ tí ó gbà ní Uhud ni ó sọ ọ́ di ẹni tó ń tiro. Lójú rẹ̀, bí ó ti rí lójú ọ̀pọ̀ ní Òṣòdì lónìí, ẹkún kò bá ọkùnrin mu. Ànábì kò bú u. Ó yí orúkọ nǹkan náà padà fún un: ohun tí ìwọ ń pè ní àìlera, èmi pè é ní àánú. Ẹnìkan náà wà tí ń jẹ́ Aqra ọmọ Habis, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìdílé Tamim, tí ó rí Ànábì tó fi ẹnu ko Hasan ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, tí ó sì fi yangàn pé òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun kò fi ẹnu ko ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu rí. Èsì tí ó gbà ni pé ẹni tí kì í ṣàánú, a kì í ṣàánú òun náà. Baba tí ó bá ń ka ìwé yìí lè dúró díẹ̀ níhìn-ín kí ó bi ara rẹ̀ ní ìgbà tí ó gbá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mọ́ra gbẹ̀yìn.

Ẹnìkan lè sọ pé ti Ànábì yàtọ̀, Ànábì ni. Ó dára, ẹ jẹ́ kí á wo Abu Bakr. Nígbà tí àìsàn ikú dé sí Ànábì (S.A.W.), tí ó pàṣẹ pé kí Abu Bakr máa ṣe ìmámù fún àwọn ènìyàn, Aisha, ọmọ Abu Bakr gan-an, ni ó tako o. Ó ní ọlọ́kàn rírọ̀ ni baba òun, pé bí ó bá dúró sí ipò Ànábì, ẹkún kò ní jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ kéwú rẹ̀. Ànábì tún àṣẹ náà pa, ó tún un pa, Abu Bakr náà ni. Ọjọ́ tí Ànábì papò dà, ní 632, wàhálà sọ kalẹ̀ ní Mẹdínà. Umar, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí akọni, tí àwọn kèfèrí Mẹ́kà ń bẹ̀rù, kò gbà pé Ànábì ti kú. Ó dìde, ó ń lérí sí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni ó wá dúró? Abu Bakr ni, ẹlẹ́kún ọ̀hún. Ó wọlé, ó fi ẹnu ko òkú Ànábì, ó sunkún, ó jáde, ó sì bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ títí ọkàn wọn fi balẹ̀. Umar fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun gbọ́ áyà tí Abu Bakr kà, ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́, òun ṣubú lulẹ̀. Láàárín ọdún kan sí i, ẹlẹ́kún yìí náà ni ó dúró gbọn-in nígbà tí àwọn ẹ̀yà Lárúbáwá ń kúrò nínú ẹ̀sìn tí wọn kò san sàká mọ́, nígbà tí àwọn mìíràn ń gbà á nímọ̀ràn pé kí ó rọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá wá ń sọ fún ọmọ pé ẹkún àti agbára kò lè gbé inú ọkàn kan ṣoṣo, kí ó lọ ka ìtàn Abu Bakr. Àwọn àgbà Yorùbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ànábì Yaqub sunkún lórí Yusuf títí ojú rẹ̀ fi di funfun, Kùránì sì ka àánú Ọlọ́hun mọ́ ọn lára títí ojú náà fi là.

Kí n má baà jẹ́ kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ mi po, ààlà wà. Ẹ̀sìn kọ igbe òkú, ó kọ kí á máa fa aṣọ ya, kí á máa lu ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òfin yẹn kò dá ọkùnrin yà sí obìnrin. Ẹni tó bá gbé ohùn sókè láti bá kádàrá jà, ó ṣẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ẹni tí omi ń dà lójú rẹ̀, kò ṣẹ̀.

Àwa ará Ìsọlọ̀ kò sì nílò kí á lọ sí Mẹdínà kí á tó mọ èyí. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Ṣẹẹrẹ 2002, nígbà tí ibi tí wọ́n kó àdó olóró sí ní bárékè ológun Ìkẹjà gbiná, tí ìbúgbàmù ń mi ilé títí dé ọ̀dọ̀ wa, ìpayà mú kí ènìyàn máa sá nínú òkùnkùn láì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn já sí odò kánàálì Òkè-Àfà. Ewéko ti bo ojú omi náà, ẹni tí kò mọ àdúgbò yóò rò pé ilẹ̀ ni. Iye àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn, nínú ìbúgbàmù àti nínú odò, lé ní 1,000 nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bómi lọ sì jẹ́ ọmọdé àti obìnrin. Ibojì àti ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfà títí di òní. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn baba wà létí omi yẹn, wọ́n ń wo òkú tí wọ́n ń gbé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ yín, nínú ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọkùnrin kì í sunkún, ta ni ìbá lè lọ sọ ọ́ létí kánàálì lọ́jọ́ náà?

Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ṣeé sọ níbi tí ìrora gbé pọ̀ jù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe òtítọ́. Àwọn ọmọdé nìkan la máa ń sọ ọ́ fún, nítorí pé wọn kò lè dá wa lóhùn.

Ó kan àwọn ọmọbìnrin wa. Níbí, ìyìn ni a fi ń ṣe é, nítorí náà ó ṣòro kí ènìyàn tó rí i. Ọmọbìnrin ha Kùránì ju àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ, a ní, "Ọkùnrin ni ọmọ yìí!" Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú tí ó sì tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú nídìí ata àti tòmátì, a ní obìnrin bí ọkùnrin ni. Ẹ wo alábàárù obìnrin ní ọjà Òṣòdì, ẹrù iṣu lórí, ọmọ lẹ́yìn, tí ó ń la àárín ọkọ̀ kọjá lójú oòrùn. Àwọn tó jókòó sí abẹ́ agboòrùn tí wọn kò gbé nǹkan kan ń wò ó, wọ́n ń sọ pé ó ṣe bí ọkùnrin. Ọkùnrin wo ni ó ń ṣe bí? Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, ta ni wọ́n rò pé ó kọ́ ọ ní ìyẹn?

Àṣà yìí ti pẹ́. Àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhòmì tí wọ́n bá ọba wọn wá gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, àwọn òyìnbó tó dé ààfin Dàhòmì láyé ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n a máa fi yangàn pé àwọn ti kúrò ní obìnrin, àwọn ti di ọkùnrin. Ẹ̀rù wọn ba àwọn Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n nínú Abẹ́òkúta kan náà, Ẹfúnróyè Tinúbú ń pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun ìlú, àwọn Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Wọn kò sọ ọ́ di ọkùnrin kí wọ́n tó bọlá fún un. Ìyá ni wọ́n fi ṣe oyè rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn Ẹ̀gbá sọ ọ́ dáadáa ju Dàhòmì lọ.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹ̀rí pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé yìí lè gbà. Nusaybah ọmọ Kaab gbé ìgò omi aláwọ lọ sí Uhud láti fún àwọn ọmọ ogun mu. Nígbà tí ogun yí padà tí àwọn ọkùnrin púpọ̀ sá, ó ju omi sílẹ̀, ó mú idà àti ọrun, ó dúró níwájú Ànábì. Ọgbẹ́ bíi 12 ni ó gbà, èyí tí ó wà ní èjìká rẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ọdún kan tọ́jú rẹ̀. Ànábì yìn ín, ó ní ibikíbi tí òun bá yíjú sí lọ́jọ́ náà, òun ń rí i tí ó ń jà nítorí òun. Nínú gbogbo ìyìn yẹn, kò sí ibi tí ó ti pè é ní ọkùnrin.

Ẹ wo Hajar náà. Àwọn tí Ọlọ́hun ti ṣe é fún láti lọ sí Mẹ́kà mọ ibi tí mò ń lọ. Obìnrin yìí wà ní aṣálẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, omi tán, ọkọ kò sí nítòsí, ó sáré láàárín òkè Safa àti òkè Marwa nígbà méje. Lónìí, ààrẹ orílẹ̀-èdè tó bá lọ ṣe Hájì, ọ̀gágun tó bá lọ, ọlọ́kọ̀ èrò Òṣòdì tó bá lọ, kò sí ẹni tí Hájì rẹ̀ pé tí kò bá rin ìrìn obìnrin yìí. Àní, láàárín iná aláwọ̀ ewé méjì tí wọ́n fi ṣe àmì síbẹ̀, àwọn ọkùnrin ni a ní kí ó sáré, àwọn obìnrin lè rìn jẹ́jẹ́. Ọkùnrin ni ó ń sáré láti ṣe bí obìnrin! Bí ẹnìkan bá tún fi gbólóhùn yẹn bú ọmọ yín, ẹ rán an létí Safa àti Marwa.

Umm Salama, ìyàwó Ànábì, bi Ànábì léèrè ìdí tí a kò fi dárúkọ àwọn obìnrin nínú Kùránì bí a ti ń dárúkọ àwọn ọkùnrin. Áyà 35 nínú Súúrà Al-Ahzab sọ̀ kalẹ̀. Ìwà mẹ́wàá ni áyà yẹn kà, ó sì ka ọkùnrin àti obìnrin mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Onísùúrù lọ́kùnrin àti onísùúrù lóbìnrin wà nínú rẹ̀. Sùúrù yìí, àwọn ọmọ kéwú mọ̀ pé "sabr" ni, òun gan-an ni ohun tí à ń wá nígbà tí a bá ní kí ọmọ le. Ìfaradà ni. Ọlọ́hun kò sọ pé ti ọkùnrin ni kí obìnrin wá yá a lò.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà kan ń sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni, pé àwọn tó fẹ́ sọ ọkùnrin di obìnrin ló ń sọ irú rẹ̀, pé Ọlọ́hun ti fi ọkùnrin ṣe alámòójútó obìnrin, pé Ànábì sì ti ṣépè fún ọkùnrin tó ń fara wé obìnrin àti obìnrin tó ń fara wé ọkùnrin. N kò jiyàn ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí. Hàdíìsì tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ dì mú. Bí ó bá jẹ́ pé èèwọ̀ ni kí obìnrin fara wé ọkùnrin, báwo ni a ṣe wá ń fi "obìnrin bí ọkùnrin" yin ọmọbìnrin nínú mọ́sálásí? Ohun tí a kọ̀ la fi ń gbóríyìn. Èmi ń sọ pé kí obìnrin le bí obìnrin, kí á sì pè é ní obìnrin tó le. Àwọn tó ń yin obìnrin bí ẹni tó di ọkùnrin ló yẹ kí á bi léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní ti alámòójútó, iṣẹ́ ni ìyẹn. Ọkùnrin ni yóò bọ́ ìyàwó àti ọmọ, òun ni yóò wá owó ilé. Nítorí náà, bí baba kan bá ń fi ilé sílẹ̀ láìjẹun tí ó jókòó sídìí ayò ọlọ́pọ́n, tí aládùúgbò sọ fún un pé, "Ọkùnrin ni ẹ́ o, dìde," ẹ jẹ́ kí ó máa sọ ọ́ lọ. Ìyẹn ni èyí tí mo fẹ́ kí ó kù. Ojúṣe ló ń rán an létí, kò ní kí ó gbé egungun tó ṣẹ́ pamọ́. Èyí tó bú obìnrin mọ́ ọn, bíi "lọ ró ìró ìyá rẹ", kò ní àwáwí. Súúrà Al-Hujurat kọ̀ fún wa kí á máa fi ara wa ṣe ẹlẹ́yà, kí á máa pe ara wa ní orúkọ burúkú. Ìró tí wọ́n sì ń fi bú ọmọ yẹn, òun ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú ọmọkùnrin wọ ìjà ní àdúgbò wa náà ni. Ọ̀dọ́ tó ní sùúrù tí kò fẹ́ jà, gbólóhùn kan péré lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tó láti mú un fa ìgò yọ. Ànábì (S.A.W.) ní kì í ṣe ẹni tó ń da ènìyàn ní ìjàkadì ni alágbára, pé ẹni tó kápá ara rẹ̀ nígbà ìbínú ni. Bí àwọn ọmọ wa bá há hàdíìsì yìí sórí tí wọ́n sì gbọ́ òdìkejì rẹ̀ lẹ́nu àáfà wọn lọ́jọ́ kan náà, èwo ni wọn yóò gbà gbọ́?

Ẹnìkan yóò ní, kí ni kí á wá máa sọ? Èdè Yorùbá kò ṣe òtòṣì. A ní akin, a ní akíkanjú, a ní onígboyà, a ní aláyà bí ẹkùn, a ní alágbára, kò sì sí èyí tó bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Èdè tí kò tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín "ó" ọkùnrin àti "ó" obìnrin ni. N kò bá akọ òkúta jà, n kò bá akọ ibà jà, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ lẹ́nu, kò sì pa ọmọdé lára. (Ẹ sì rántí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ilé-kéwú nìyí, pé nínú ìlù, ìyáàlù ni ó tóbi jù, òun ni ó ń darí, omele ni wọ́n ń pè ní akọ.) Bí Yorùbá bá sì fẹ́ búra pẹ̀lú ohun tó le jù láyé, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni wọ́n ń dárúkọ. Maryam kúnlẹ̀ ìrora tirẹ̀ lábẹ́ igi dàbínù, ó ké pé òun ìbá ti kú ṣáájú. Ọlọ́hun kò ní kí ó dákẹ́. Ó fún un lómi, ó fún un ní dàbínù.

Sí ọmọ tó ṣubú, ohun tó yẹ kí á sọ kò gùn: "Pẹ̀lẹ́. Níbo ló ń dùn ẹ́? Jẹ́ kí n wò ó." Lẹ́yìn náà ni kí á wá ní kí ó ṣe sùúrù. Àwọn àáfà wa kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ wọ́n, àwọn ọmọ náà sì mọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa ń sá lọ. Mo rọ ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ kí wọ́n ra àpótí òògùn ìtọ́jú ọgbẹ́ kan sí ilé-kéwú, kí wọ́n sì yan ẹnìkan tí gbogbo ọmọ yóò mọ̀ pé òun ni àwọn lè lọ bá, ọkùnrin kan fún àwọn ọkùnrin, obìnrin kan fún àwọn obìnrin.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹni tí yóò di gbohùngbohùn mú níbi wòlímọ̀ tó ń bọ̀. Bí ọmọbìnrin bá jáde, tí ó ka kéwú rẹ̀ láìṣì í, tí àwọn ènìyàn ń ná owó fún un, kí ó jọ̀wọ́ pe orúkọ rẹ̀, kí ó pe orúkọ baba àti ìyá rẹ̀, kí ó sì sọ iye súúrà tí ó ti há. Kí ó fi mọ síbẹ̀.